Ohun Tí Mo Rí Nídìí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé

Èmi ò mọ̀wé. Nílé bàbá mi nígbà náà, oko ni wọ́n máa ń rán ọmọbìnrin, wọn kì í rán an lọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n mo mọ ilẹ̀ kà. Bí ejò bá wọ́ kọjá, bí ọmọ bá jí ẹja inú ìkòkò jẹ tó sì ri egungun rẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi tí mo mú ọwọ̀ láàárọ̀ ni n óò kọ́kọ́ mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ilẹ̀ ni mo ti kà á. Mo kà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àkọ́bí mi, wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ mo bi bàbá rẹ̀ bóyá kí n sọ ọ́. Ó ní kí n sọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ ẹnikẹ́ni. N ò ní dárúkọ. Ẹni tó mọ̀ wá á mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wá, kó fi ṣe bí ẹni pé ilé tirẹ̀ ni.

Oko kòkó ni ọkọ mi ń ṣe, lápá Omifunfun. Lẹ́yìn ilé wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà níbẹ̀, ìdí rẹ̀ ni ọkọ mi ti máa ń tọ̀. Gbogbo ọkùnrin abúlé ló ní ibi tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, á dúró lókèèrè, ìtọ̀ rẹ̀ á sì gbẹ́ ihò sílẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, bí ìgbà tí omi òjò bá ń ṣàn láti orí páànù sójú kan. Ní àràárọ̀ ni mò ń fi ọwọ̀ dí ihò náà, ní ìrọ̀lẹ́ ó ti tún gbẹ́ ẹ. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú. Ọmọdé ṣì ń ṣe àwa méjèèjì.

Ọdún ń gorí ọdún. Ihò náà kò jìn mọ́. Nígbà tó yá, kò sí ihò rárá, ilẹ̀ kàn ń tutù ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tó ń tutù náà kúrò nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó dúró. Nígbà tí mò ń wí yìí, àárín ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ti ń tutù, bàtà rọ́bà tó ń wọ̀ lọ oko sì ti ń rùn. Mo lè bó ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kí ó tó padà wọlé. Bí ó bá sì wọlé, kò ní pẹ́ tí yóò tún dìde.

Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kì í fi nǹkan falẹ̀ lóko. Bí ó bá rí èso kòkó kan tí àmì dúdú ara rẹ̀ kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, á já a, á gbé e jìnnà. "Ẹ má dúró kó ràn dé orí èkejì," ohun tó máa ń wí fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àfòmọ́ kì í pé ọ̀sẹ̀ kan lórí igi rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kó lọ fi ara rẹ̀ han dókítà, á bi onítọ̀hún pé ṣé òun ti ṣubú ni. Lójú tirẹ̀, àti lójú gbogbo ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, aboyún àti ẹni tó ti ṣubú nìkan ni wọ́n kọ́ ọsibítù fún.

Ohun tí èmi rò sí ọ̀rọ̀ náà ló ń dùn mí títí di òní. Lọ́dọ̀ wa, bí ìtọ̀ bá ti ń ṣòro fún ọkùnrin, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè é: àtọ́sí. Ọkùnrin kì í sì í kó àtọ́sí lórí ẹní ìyàwó rẹ̀. Ọkọ mi a máa lọ sí Ore bí wọ́n bá ń gbé kòkó lọ tà. Ẹ mọ Ore. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ọkọ̀ Èkó àti ọkọ̀ Benin ti ń dúró jẹun, àwọn obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Mo jókòó sídìí ààrò, mo so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra fúnra mi. Mo fún obìnrin náà ní ojú, mo fún un ní aṣọ, mo tiẹ̀ fún un ní ohùn. Obìnrin tí kò sí.

Mi ò bá a jà. Ìbá sàn kí n bá a jà, nítorí nínú ìjà la ti ń sọ òótọ́. Mo ká ẹní mi, mo kó lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Mò ń se oúnjẹ, mò ń gbé púpurù àti ọbẹ̀ ka iwájú rẹ̀, mi ò sì bá a sọ ju "oúnjẹ rè é" lọ. Ṣòkòtò rẹ̀ tí mo ti ń fọwọ́ fọ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, igi ni mo fi ń gbé e sínú korobá. Ó rí mi. Ó rí igi náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó dúró díẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sóko.

Òun náà kò sọ nǹkan kan. Ìgò kan ló gbé wálé, egbò igi ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n bu ọtí ṣẹ́pẹ́ lé lórí. Ó fi pamọ́ sókè àjà. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo mọ ìgbà tó bá lọ sí ìdajì, mo mọ ìgbà tó bá rọ òmíràn. Ohun tí mò ń wí lọ́kàn ni pé kí ó máa mu ún, ẹni tó jẹ gbèsè ló ń san án. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí obìnrin ń wí lọ́kàn sí ọkọ rẹ̀.

Bí a ṣe ń gbé nìyẹn fún ohun tó ju ọdún méjì lọ. Lọ́jọ́ kan, a jókòó yí ká òkìtì kòkó, a ń fọ́ ọ. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn igi, kò sì padà wá. Nígbà tó pẹ́ jù mo lọ wò ó. Mo bá a tó fi ọwọ́ méjèèjì di igi kòkó mú, òógùn ti mú gbogbo ara rẹ̀. Mo fọwọ́ kan abẹ́ ìdodo rẹ̀, ó le bí èèpo àgbọn. Ó ní láti àná, ẹ̀kán kan kò jáde.

A gbé e sáàárín lórí ọ̀kadà, ọlọ́kadà níwájú, èmi lẹ́yìn, mo gbá a mọ́ra. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbá a mọ́ra bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà oko ló ń mọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí a dé Ore, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ojú nǹkan ọkùnrin rẹ̀, ìtọ̀ kún abọ́ kan, ó tún kún èkejì. Ojú rẹ̀ rọ̀. Dókítà wá bi í pé láti ìgbà wo ni ìtọ̀ ti ń ṣòro fún un. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta.

Dókítà kọjú sí mi. "Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Èmi tí mo gbálẹ̀. Èmi tí mo mọ ọdún tí ihò kò jìn mọ́, tí mo mọ ọdún tí bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ìtìjú mú mi níwájú ọkùnrin ọmọ ọlọ́mọ náà, inú sì tún ń bí mi sí obìnrin Ore tí mo dá fúnra mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ mẹ́ta ni."

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà pe àwa méjèèjì. Ó ní kókó kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ gbogbo ọkùnrin, kékeré ni bí ọkùnrin bá wà lọ́dọ̀ọ́. Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, á máa tóbi, á sì máa fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ó ní ti àwọn mìíràn á tóbi lásán, ti àwọn mìíràn á bàjẹ́. Ti ọkọ mi ti bàjẹ́, ó sì ti ràn dé eegun ẹ̀yìn. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ó wá nígbà tí ìtọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ́ra ni, ọ̀nà á wà. Mo bi dókítà pé ọ̀dọ̀ obìnrin wo ni wọ́n ti ń kó o. Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní wọn kì í kó o lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ orí ló ń gbé e wá. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Nígbà tó jáde, ọkọ mi yí ojú sí mi lórí ibùsùn.

"Ìwọ rò pé obìnrin ni."

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo rò pé àtọ́sí ìgbà tí mo wà lápọ́n ló padà wá bá mi. Ojú rẹ ń tì mí."

Inú ilé kan náà ni àwa méjèèjì ti ń ro ohun kan náà, ó ń mu egbò igi, mo ń fi igi gbé ṣòkòtò. Kò rí ìgbà kòkó tó tẹ̀ lé e. N ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ikú rẹ̀.

Àkọ́bí mi ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ore ló ń gbé, ṣùgbọ́n ó ní oko kòkó lápá Araromi-Obu, máṣìnì rẹ̀ ló ń gùn lọ, gùn bọ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìgbà bàbá rẹ̀ ti kú, àmọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kú kó má fi ọmọ rọ́pò. Ìdí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni ọmọ tèmi náà ń lọ tọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ajé kan, mo mú ọwọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, mo rí i. Ibi tó tutù náà jìnnà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ojú bàtà méjì wà lórí iyanrìn, omi sì wà láàárín wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, mo ṣọ́ ọ. Kí pásítọ̀ tó parí ìwàásù, ó ti jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwàásù ló ń sá fún.

Kí ni kí n ṣe? Ìyá kì í bá ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti bímọ sọ ohun tó wà nínú ṣòkòtò. Èèwọ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ó ju èèwọ̀ lọ, nítorí èèwọ̀ ní ètùtù. Mo ní kí n gba ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ wọlé. Nígbà tó wá kí mi, mo jẹ́ kó bá mi ṣẹ́ ẹ̀fọ́ tán, mo wá bi í pé níbo ló ń sùn. Ó wo ilẹ̀.

"Yàrá àwọn ọmọ ni, Ìyé." Bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá nìyẹn.

Mo ní kí ó padà sí yàrá ọkọ rẹ̀, pé ohun tó ń rò kọ́ ló ń ṣe ọkọ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ mọ ohun tí mò ń rò?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rò ó, kí wọ́n tó bí ọ."

Ó sunkún díẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún un pé kó lọ ọsibítù, ó sì fi ìbínú dá òun lóhùn, ó bi òun pé, "Ṣé alágbèrè lo ń pè mí ni?" Mo wá rí i pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbé e dé ọsibítù, àfi èmi.

Mo bá purọ́. Mo ránṣẹ́ sí i pé ìbàdí ń ro mí, pé n kò lè dìde, kí ó wá gbé mi lọ ọsibítù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti dé, ó gbé mi sẹ́yìn máṣìnì, ó ń rọra wà á nítorí ìbàdí mi. Mo gbá a mọ́ra lẹ́yìn. Ọ̀nà kan náà ni. Mi ò lè gbé ojú sókè wo igi kòkó kankan títí a fi dé.

Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì kí mi, ó ní, "Màmá, kí ló ń ṣe yín?" Mo ní èmi kọ́, ọmọ mi yìí ni, kò rí ìtọ̀ tọ̀ dáadáa mọ́, bàbá rẹ̀ ló sì kú nítorí rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi lọ sókè tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo bẹ́ǹṣì yí ojú sí wa.

Ọmọ mi yí padà, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e, mo ń tiro, nítorí ìbàdí ti wá ń ro mí lóòótọ́. Ó ti jókòó sórí máṣìnì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò tíì fi sí i.

"Ìyé, ẹ tú mi síhòòhò níta."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ọ níhòòhò," mo ní. "Sọ̀ kalẹ̀."

Kò sọ̀. Bàbá arúgbó kan wà lábẹ́ igi níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá gba ilẹ̀ dáko kòkó ní igbó ìjọba. Ó gbé ọ̀rá dúdú kan lé itan, rọ́bà sì ti inú ṣòkòtò rẹ̀ wọ inú ọ̀rá náà. Ó ti gbọ́ wa. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, bí o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Ṣùgbọ́n wá kí ọmọ mi kí o tó lọ." Ó gbé ọ̀rá náà sókè. "Oṣù kẹrin rè é tí mo ti ń gbé e káàkiri. Kì í sunkún, kì í sì í dàgbà. Ibi tí mo bá sùn sí ló ń sùn."

Obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo ọ̀rá náà.

Mo di ọwọ́ máṣìnì mú. Mo sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi.

"Mo rí ti bàbá rẹ. Ọdún márùn-ún ni mo fi rí i lórí ilẹ̀ tí mò ń gbá, mi ò sọ̀rọ̀, mo rò pé obìnrin ni. Dókítà bi mí nínú ilé yìí, mo ní ọjọ́ mẹ́ta ni. Mo ti rí tìrẹ nísinsìnyí, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà. Bí wọ́n bá tún bi mí, mi ò ní purọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Ó ti fi ọwọ́ bo ojú. Lẹ́yìn náà ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di apá mi mú bí ẹni pé èmi ni aláìsàn, a jọ wọlé.

Ohun tí wọ́n ṣe fún un nínú yàrá, n kò bi í, kò sì sọ fún mi. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tún fi aṣọ di apá rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, òun tí orí kò fọ́ rí. Wọ́n ní kó padà wá gba èsì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé, ó gbé mi kalẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ ìsinmi méjì kọjá, kò wá. Mo se oúnjẹ, mo tún kó o fún aládùúgbò. Mo ń sọ fún Ọlọ́run pé bí ó bá jẹ́ pé ọmọ mi máa bínú sí mi títí n óò fi kú, kí ó ṣáà wà láyé tí yóò fi máa bínú.

Ìyàwó rẹ̀ ló bá a lọ gba èsì. Lọ́jọ́ ìsinmi kẹta, àwọn méjèèjì wá pọ̀. Ó jẹun tán, ó fọ ọwọ́, ó wá sọ ọ́ sínú abọ́ omi, kò wo ojú mi: kókó náà ti tóbi, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, bí ara rẹ̀ bá yá tàbí kò yá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kó padà wá gba àyẹ̀wò. Wọn kò ní kò lè bàjẹ́ o. Wọ́n ní àwọn á máa ṣọ́ ọ. Èmi bá ní gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣọ́ kòkó nìyẹn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé."

Ó ti sọ ọ́ fún àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ tí ó sì ṣòro fún un láti sọ ni. Ẹni méjì ló tẹ̀ lé e lọ. Àwọn tó kù ní àwọn kò tíì ṣubú.

Ọmọ tó ń kọ̀wé yìí dá bírò dúró nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Mo ní kó máa kọ ọ́. Ó ní àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni òun ń rò. Mo ní ìyẹn dára, kó máa rò ó, àmọ́ kó má rò ó ní àròpamọ́ bíi tèmi.

Lánàá ni ọjọ́ ìsinmi. Bàbá rẹ̀ wá, ó jẹun, ó sì lọ sẹ́yìnkùlé. Mi ò tẹ̀ lé e lójú. Láàárọ̀ yìí mo mú ọwọ̀, mo lọ síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, nítorí ojú mi kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ihò, mi ò sì retí ihò, ọkùnrin náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gan-an ló tutù. Ibi tí bàtà rẹ̀ ti dúró gbẹ. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, níbi tó bá wà, kí n tó gbá a.